Ṣé ìlú ńlá ló yí padà ni àbí èmi?

Ojú_Wíńdò: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú ńlá, háà, mo lè jókòó sójú wíńdò lóru kí n kàn máa wo iná mọ́tò tó ń lọ tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí, kò sẹ́ni tó máa bi mí pé ibo lo ti ń bọ̀ nírú àsìkò yìí, mo ní ayé rèé! Ní báyìí ariwo yẹn náà ló ń jẹ́ kí n máa kanra, họ́ọ̀nù kan ṣoṣo àyà mi á ti já, ilẹ̀kùn mẹ́rin ló dojú kọra lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa mi ò mọ orúkọ ẹnì kankan. Síbẹ̀ tí mo bá lọ kí àwọn òbí mi kì í pẹ́ tí ara mi ò fi ní gba ibẹ̀ mọ́, gbogbo nǹkan á máa falẹ̀ lójú mi. Ṣé bó ṣe ń ṣe gbogbo yín nìyí? Kí n kó kúrò ni àbí kí n fara dà á? Ẹ má bú mi o.

Akọ̀wé_Àárọ̀: Ta ló máa bú yín. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Lọ́dún 1903 ni onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá kan ní Jámánì, Georg Simmel, ọmọ bíbí ìlú Berlin, ti kọ ọ́ pé ohun tí ojú ń rí àtohun tí etí ń gbọ́ ní ìlú ńlá ti pọ̀ jù, pé èèyàn á kọ́ bí wọ́n ṣe ń dágunlá kó tó lè rójú gbé ibẹ̀. Ó tún ní òmìnira tó wà níbẹ̀ àti dídá nìkan wà láàárín èrò, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹ wá padà wo ohun tẹ́ ẹ kọ sókè yẹn, inú yín dùn pé ẹnì kan ò mọ̀ yín, ẹ tún ń ráhùn pé ẹ ò mọ ará ilé. Ṣé kì í ṣe nǹkan kan náà ni? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ òbí ò wá ẹni tó máa ṣọ́ ọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ibà gbé e dálẹ̀ lọ́jọ́ kan tí kò lè dìde bu omi mu, ìgbà yẹn ló máa mọ̀ pé ojú àwọn èèyàn tó ń sá fún yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe.

Kò_Kàn_Mí: Ẹ kó kúrò jàre. Èmi kó kúrò, mo sì ń sùn dáadáa.

Ìyá_Ìbejì_Tuntun: Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, òótọ́ lẹ sọ o, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibi iṣẹ́ ńkọ́? Onímọ̀ ará Ítálì kan wà, Cesare Marchetti, lọ́dún 1994 ó ní bí wákàtí kan ni ọmọ aráyé máa ń fẹ́ lò lójú ọ̀nà lójúmọ́, àlọ àtàbọ̀, láyé àtijọ́ o, lóde òní o. Èmi ń lò ju ìyẹn lọ dáadáa nígbà kan, mo máa dé ilé tí ẹsẹ̀ mi á ti wú, màá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, mi ò ní lè bọ́ ọ, mo wá ń bú ìlú. Nígbà tí mo kó sítòsí ọ́fíìsì, yàrá tí bẹ́ẹ̀dì fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ilẹ̀kùn pa, kíá ni mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ìlú. Àwọn ọmọ wá dé, ó tún di nǹkan míì, ibi tí mi ò kà sí tẹ́lẹ̀, bíi ibi tí koríko wà tọ́mọ lè sáré, òun ni mò ń wá kiri báyìí. Torí náà ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìlú ló sú yín ní tòótọ́ àbí ọ̀nà.

Dúró_Déèdé: Mo fẹ́ ta ko ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé díẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnì kan ò mọ̀ wá o. Ọ̀gbẹ́ni kan wà ní ibùdókọ̀ wa, báàgì aláwọ̀ ewé, ó máa ń ka ìwé ìròyìn láti ẹ̀yìn wá síwájú, a ò kíra rí láyé wa. Ó wá dàwátì. Ẹ ò ní gbà gbọ́ bí mo ṣe ń wẹ̀yìn wò láràárọ̀! Onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Stanley Milgram, ti kọ̀wé lórí irú èyí lọ́dún 1972, wọ́n ya fọ́tò àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin, wọ́n fi fọ́tò náà han àwọn èrò ọ̀hún, ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ ló dá ẹni tí wọn ò bá sọ̀rọ̀ rí mọ̀. Àwọn yẹn ló ń jẹ́ kí ìlú dà bí ilé, ẹ bá sì kó kúrò, ẹ máa tún wọn kó jọ lápá ibòmíì ni.

Ojú_Wíńdò: Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yẹn bá mi mu jù, torí lọ́jọ́ ìsinmi tí mi ò jáde, kì í ṣe mí bẹ́ẹ̀. Ariwo òru nìkan ni mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe sí.

Ìyá_Ìbejì_Tuntun: Ariwo òru kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfaradà o. Ẹ̀ka Yúróòpù ti Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2018 pé kí ariwo mọ́tò lóru má kọjá dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 45, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ariwo. Ẹ lè má jí, ara yín ń gbọ́ ọ. Ṣé yàrá tẹ́ ẹ̀ ń sùn ló kọjú sí títì? Tẹ́ ẹ bá ní èyí tó kọjú sẹ́yìn, ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì lọ síbẹ̀ lónìí.