Mo gbé èsì omi kànga jáde kí ẹni tó ni kànga tó gbọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ìpínlẹ̀ Ògùn là ń gbé. Ilé iṣẹ́ kan wà lẹ́yìn wa tó ń yọ́ òjé látinú bátìrì mọ́tò àlòkù. Òru ni èéfín rẹ̀ máa ń bò wá. Tílẹ̀ bá mọ́, eérú dúdú á ti bà sórí aṣọ tá a sá. Mo bu omi kànga ìyá kan tó ń ta ògì, mo gbé e lọ sí láàbù. Òjé inú rẹ̀ ju 0.01 mílígíráàmù nínú lítà kan lọ, ìyẹn òdiwọ̀n tí ìlànà omi mímu Nàìjíríà fàyè gbà.

Inú bí mi gidigidi. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo gbé bébà èsì sórí Facebook pẹ̀lú fọ́tò kànga, mo kọ ọ́ pé ilé iṣẹ́ náà ló da májèlé sómi wa, mo sì dárúkọ wọn ní gbangba.

Okùn pupa tí ìyá fi so korobá rẹ̀ hàn nínú fọ́tò. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́wàá ti lù, páànù ògì rẹ̀ ṣì kún dẹ́múdẹ́mú. Ó ní, "Ọmọ mi, omi yẹn ni mo fi ń po ẹ̀kọ fáwọn ọmọ-ọmọ mi. O mọ̀, o ò wá sọ fún mi?" N ò rí nǹkan kan sọ. Ó yẹ káwọn oníbàárà rẹ̀ mọ̀ o, torí òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ṣùgbọ́n òun ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́nu èmi gan-an.

Lẹ́tà lọ́yà ilé iṣẹ́ dé lọ́sẹ̀ kejì. Mo gbé e lọ bá lọ́yà kan nínú ìjọ wa. Ó ka èsì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní bébà yìí sọ ohun tó wà nínú omi, kò sọ ẹni tó dà á síbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lè pè mí lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́. Mo yọ gbólóhùn yẹn, mo yọ fọ́tò, mo fi èsì sílẹ̀. Òun náà ló bá mi kọ̀wé lábẹ́ Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011, láti béèrè àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìjọba. Ọjọ́ 7 ni òfin fún wọn láti dáhùn, o ò sì ní láti sọ ohun tó o fẹ́ fi ṣe.

Ìyá ní ká tún omi bù, ní kànga mẹ́rin lọ́tẹ̀ yìí. Òun ló bá mi kan ilẹ̀kùn àwọn onílé. Nígbà tí èsì dé, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ti gba bébà tirẹ̀ lọ́wọ́ mi kí n tó gbé ohunkóhun jáde.