Orúkọ alágbẹ̀dẹ ni, àmọ́ alágbẹ̀dẹ ibo?

Ní ọjọ́ tí a sọ àkọ́bí wa lórúkọ ní Cleveland ni màmá mi, tí wọ́n wá láti Ìjẹ̀bú-Òde láti bá wa wẹ ọmọ, béèrè oríkì orílẹ̀ ìdílé ọkọ mi lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Kovach ni àwọn ń jẹ́, pé Kovács ni wọ́n ń kọ ọ́ kí bàbá bàbá àwọn tó kúrò ní Húngárì, alágbẹ̀dẹ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Màmá mi ní ọ̀rọ̀ parí, ọmọ Ògún ni wọ́n, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ náà lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ èmi kò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo sanwó fún ẹnìkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní òun ní àmì ìdílé Kovács lọ́wọ́, ó sì fi àwòrán asà aláràbarà kan ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀yìn náà ni mo gbọ́ pé ìdílé tí ọba bá dá lọ́lá ni irú àmì bẹ́ẹ̀ wà fún, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ tó wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìwé àkójọ èrò ọkọ̀ ojú omi tó gúnlẹ̀ sí Ellis Island, ibùdó tí àwọn àjèjì ń gbà wọ Amẹ́ríkà ní New York nígbà náà, ní 1906 ló là mí lójú, torí ó kọ ìlú tí bàbá bàbá wọn ti wá. Ọwọ́ akọ̀wé burú débi pé "Femesvar" ni mo kà. Àṣé Temesvár ni, ìlú tí wọ́n ń pè ní Timișoara lónìí, tó sì ti di ti Románíà, nítorí àdéhùn Trianon ti 1920, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, gba nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilẹ̀ Húngárì àtijọ́, ó pín in fún àwọn aládùúgbò rẹ̀.

Ìjọba Húngárì kò bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ ìbí sílẹ̀ fúnra rẹ̀ títí di oṣù kẹwàá 1895, ìwé ìrìbọmi ìjọ Kátólíìkì ni a sì ní láti wá fún bàbá bàbá wọn, József, tí wọ́n bí ní 1876. Ọjọ́ ìbí tó wà lára òkúta sàréè rẹ̀ ni a fi wá a. Nígbà tí àwòrán ojú ewé náà dé, mo rí Josephus, èyí tí í ṣe József ní èdè Látìn, àmọ́ Schmidt ni wọ́n kọ tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ pa á tì, kí ọkọ mi tó tọ́ka sí ìlà tínńtín kan ní etí ìwé, tí wọ́n fi tàdáwà mìíràn kọ: ní 1898, pẹ̀lú àṣẹ ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Schmidt ti di Kovács. Nọ́ńbà àṣẹ náà wà níbẹ̀.

Ọmọ Jámánì ni wọ́n, lára àwọn tí ìjọba Habsburg, ìdílé ọba Austria, kó wá tẹ̀dó sí Banat, agbègbè tí Temesvár wà, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni ọkùnrin náà, ìjọba sì ń fúngun mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà pé kí wọ́n gba orúkọ Húngárì. Láti 1881 ni wọ́n ti dín owó tí wọ́n ń gbà fún ìyípadà orúkọ kù sí àádọ́ta krajcár, owó ẹyọ kékeré ìgbà náà, tí àwọn èèyàn sì ń fi "ará Húngárì alá-àádọ́ta krajcár" ṣe yẹ̀yẹ́. József kàn túmọ̀ orúkọ rẹ̀ ni, nítorí alágbẹ̀dẹ náà ni Schmidt. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé ọwọ́ àwọn Slav, àwọn ẹ̀yà tó yí wọn ká, ni àwọn ará Húngárì fúnra wọn ti yá ọ̀rọ̀ Kovács.

Mo pe màmá mi, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, Jámánì, Húngárì, Románíà. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní ṣé alágbẹ̀dẹ náà ṣì ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ní kí n gbé fóònù sétí ọmọ.