Àwọn ará òkè odò ti dí omi mọ́ wa o, kí la máa ṣe?

Ọ̀dọ́ Alákùrọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbẹ̀. Odò kékeré kan ni gbogbo wa ń lò lákùrọ̀ wa, tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ata la ń gbìn. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé báyìí, àwọn tó wà lókè á kó àpò yanrìn dí odò, wọ́n á tan pọ́ǹpù láti àárọ̀ dalẹ́, àwa tìsàlẹ̀ á wá máa fi hóòsì fa ẹrẹ̀. A ti bá wọn jà, a ti gbé e dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀, wọ́n gbọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n tún padà síbẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é níbi tiyín?

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́: Ọmọ mi, ẹ pín àsìkò. Níbi tiwa, òkè ń fa omi láàárọ̀, ìsàlẹ̀ ń fa tiẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹni tó bá tan ẹ́ńjìnnì lásìkò tí kì í ṣe tiẹ̀, a máa yọ plọ́ọ̀gì ẹ̀ ni, ó dìgbà tó bá sanwó kó tó rí i gbà.

Baba Ẹ̀gbá: Plọ́ọ̀gì yẹn dáa mà, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù nìkan ò lè mú kẹ́ni tòkè máa fomi sílẹ̀ títí. Ẹ wo àwọn onírẹsì Bali ní Indonesia, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní subak ló ń bójú tó omi wọn láti nǹkan bí 1,000 ọdún. Wọ́n á fi ìtì igi dábùú kòtò omi, wọ́n á gbẹ́ ojú sí i, bí ìpín oko bá ṣe tó ni ojú ẹ̀ ṣe máa fẹ̀ tó, tómi bá pọ̀ tó bá kéré, ìpín ò yẹ̀. Ohun tó wá ń mú ará òkè gbà ni eku àti kòkòrò o. Tí wọ́n bá jọ gbìn, tí wọ́n jọ kórè, gbogbo oko á ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà, kòkòrò ò ní rí nǹkan jẹ. Tí ará òkè bá fomi du ìsàlẹ̀, ìrẹsì tibẹ̀ á pẹ́ẹ́ gbó, ibẹ̀ ni eku á ti pọ̀ sí i tí á fi gòkè wá bá òun náà. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, ìjọba ní kí kálukú máa gbìn léraléra láìdúró de ẹnìkejì, kòkòrò bá ilé ayé wọn jẹ́, ni wọ́n bá padà sí ètò àtijọ́. Kí ni ará òkè yín ń wá lọ́dọ̀ yín?

Ọ̀dọ́ Alákùrọ̀: Haa, ẹ ṣé sà. Ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀fọ́ lọ sọ́jà ò lè dé oko àwọn ará òkè o, inú oko wa ni wọ́n ń ru ẹrù gbà. A ò fi ìyẹn sọ̀rọ̀ rí.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́: Ẹ má dínà mọ́ wọn o, ìjà nìyẹn. Ẹ pèpàdé kódò tó gbẹ tán, kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ omi àti ọ̀rọ̀ ọ̀nà pọ̀ lójú baálẹ̀.