Irin iwájú ìbọn mi ti di méjì lójú mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Bàbá Tèmi, Houston

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ ojú ni mo gbé wá lónìí.

Ọmọ ọdún 57 ni mí. Láti 2009 ni mo ti ń lọ sí pápá ìyìnbọn ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Ìbọn ìléwọ́ ni mò ń yìn. Páálí tí wọ́n ya òbìrí dúdú sí ni mò ń fojú sùn, láti yáàdì 25. Mi ò gba ife ẹ̀yẹ rí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mò ń ṣe: nínú ọta mẹ́wàá, mẹ́jọ máa ń wọ inú dúdú náà. Ní báyìí, mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń wọlé, ìyókù á fọ́n ká bí àgbàdo tí wọ́n dà sílẹ̀ fún adìẹ.

Tí mo bá gbé ìbọn sókè, irin kékeré tó wà níwájú, èyí tó yẹ kí n mú wá sáàárín àlàfo irin ẹ̀yìn, kò ní etí mọ́. Ó máa ń wú, ó máa ń ṣe bàìbàì, nígbà mìíràn á di méjì. Awò ojú alápá méjì ni mò ń lò, òkè fún ọ̀nà jíjìn, ìsàlẹ̀ fún ìwé kíkà. Tí mo bá fi ti òkè wò, páálí mọ́ kedere, irin á ṣe bàìbàì. Tí mo bá gbé àgbọ̀n sókè kí n lè fi ti ìsàlẹ̀ wò ó, ọrùn á máa dùn mí, irin ò mọ́ tán síbẹ̀, páálí á sì pòórá.

Ọdẹ ni bàbá mi ní Ìgbẹ́tì. Ọwọ́ wọn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ìbọn mú. Nígbà tí ojú wọn kò gbé e mọ́, wọ́n gbé ìbọn kọ́ sára ògiri, wọn ò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo rántí bí wọ́n ṣe máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ lálẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rèé tí mi ò lọ sí pápá, ó sì ń ṣe mí bíi pé ojú ọ̀nà kan náà ni mo wà. Ṣé kí n ra red dot, dígí olámì iná pupa tí wọ́n ń dè mọ́ orí ìbọn, tí àwọn ọmọdé ń lò ni? Àbí awò ojú mìíràn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Maryland

Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Àyẹ̀wò ojú ni iṣẹ́ mi. Mi ò yìnbọn rí, ṣùgbọ́n àwọn ayìnbọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ń wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ẹjọ́ yìí gan-an.

Dígí kékeré kan wà nínú ẹyin ojú. Lọ́mọdé, ó rọ̀: tí a bá ń wo ohun tó sún mọ́ wa, á ṣù, tí a bá wo ọ̀nà jíjìn, á tẹ́. Láti nǹkan bí ogójì ọdún lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í le, kò sì ní lè ṣù tó bó ṣe yẹ mọ́. Kò sẹ́ni tó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí àgbo tó lè dá a padà. Ojú ọmọ ogún ọdún ń fò láti irin ẹ̀yìn sí irin iwájú, láti ibẹ̀ sí páálí, ó yá débi pé ọmọ náà gbà pé òun rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Kò rí wọn pọ̀ rárá. Fífò yẹn ni ọjọ́ orí gbà lọ́wọ́ yín.

Apá ìsàlẹ̀ awò yín, fún ìwé ni wọ́n ṣe é, fún nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40 sí ojú. Irin iwájú ìbọn ìléwọ́, tí ẹ bá na ọwọ́, wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 70. Ẹ ò rí i pé kò lè mọ́. Ẹ lọ gba awò mìíràn tó jẹ́ oníwọ̀n kan ṣoṣo, tó wà fún pápá nìkan. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ fi mítà 0.7 pín 1, á fún yín ní bíi 1.4. Nítorí náà, wọ́n á fi +1.25 tàbí +1.50 kún ìwọ̀n tí ẹ fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo tọ́jú fẹ́ kó dín sí ìyẹn, +1.00 tàbí +0.75, kí páálí má bàa di kùrukùru pátápátá. Ẹni tó ń yìn ráìfù, irin iwájú tirẹ̀ jìnnà sí i jù bẹ́ẹ̀ lọ, +0.50 sábà máa ń tó o.

Ẹ má gbé ìbọn wá sí ilé ìwòsàn ojú o! Nílé, ẹ yọ gbogbo ọta kúrò, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, ẹ dúró bí ẹ ṣe máa ń dúró, kí ìyàwó yín fi téèpù wọn láti ẹ̀gbẹ́ ojú yín dé irin iwájú. Ẹ gé igi tó gùn tó bẹ́ẹ̀, ẹ lẹ ike dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ orí rẹ̀. Igi yẹn ni kí ẹ gbé tọ dókítà lọ.

Ohun tó kàn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé irin ń di méjì. Ẹ bo ojú òsì, ẹ fi ti ọ̀tún nìkan wò. Tó bá ṣì jẹ́ méjì, kì í ṣe líle dígí yẹn nìkan. Ó lè jẹ́ astigmatism, ìyẹn ojú tí ìtẹ̀kọdọ rẹ̀ kò dọ́gba, ó sì lè jẹ́ cataract, ìyẹn dígí inú ojú tó ń ṣe kùrukùru, tó ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún rántí glaucoma, àrùn tó ń ba iṣan ìríran jẹ́: ó ń mú àwa èèyàn dúdú ju òyìnbó lọ, ó sì ń tètè dé bá wa. Kì í sábà dunni, ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti ń jẹ wọlé. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí red dot, ẹ jẹ́ kí wọ́n kán oògùn tó ń mú ihò dúdú ojú fẹ̀ sí yín lójú, kí wọ́n wo ẹ̀yìn inú rẹ̀, kí wọ́n sì wọn ìfúnpá inú rẹ̀.

Adé, Leeds

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì ló tọ̀nà. Láti 1997 ni òfin ti gba ìbọn ìléwọ́ ọlọ́ta lọ́wọ́ wa níbí, nítorí náà ìbọn afẹ́fẹ́ ni mò ń yìn, ní mítà 10. Òbìrí tó gba máàkì mẹ́wàá láàárín páálí wa kò ju mílímítà 11.5 lọ, ẹ wo bó ṣe kéré tó. Mo ti pé ọdún 60.

Ohun tí olùkọ́ mi sọ fún mi ló gbà mí: jẹ́ kí páálí ṣe bàìbàì. Mo bá a jiyàn fún oṣù kan gbáko. Ó wá jókòó, ó ṣírò rẹ̀ fún mi. Ká ní sẹ̀ǹtímítà 15 ló wà láàárín irin iwájú àti ti ẹ̀yìn. Tí irin iwájú bá fi mílímítà kan ṣoṣo yẹ̀ nínú àlàfo, ní yáàdì 25 tiyín yẹn, ọta á fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 yẹ̀. Ṣùgbọ́n tí àwọn irin bá tò dáadáa, tó jẹ́ pé gbogbo ìbọn lápapọ̀ ló sún mílímítà kan sápá kan, mílímítà kan náà ni ọta á sún. Nítorí náà, irin ni kó mọ́. Òbìrí dúdú tó ṣe bàìbàì ṣì ní àárín, ojú sì mọ bó ṣe ń rí àárín nǹkan fúnra rẹ̀.

Ẹ dán èyí wò kí ẹ tó sùn lónìí, kò ná yín ní nǹkan kan. Ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ihò kékeré sára páálí, ẹ gbé e súnmọ́ ojú, ẹ fi wo àtàǹpàkò yín àti ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn méjèèjì á mọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ìmọ́lẹ̀ tó gba ihò tóóró wọlé kì í tàn káàkiri nínú ojú, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ayìnbọn ń ra ihò bẹ́ẹ̀ tí wọ́n lè fẹ̀ tàbí kí wọ́n fún, wọ́n á so ó mọ́ awò. Ó ń gba ìmọ́lẹ̀ o. Ibi tó bá ṣókùnkùn, kò wúlò.

Ẹ má sì máa di ojú òsì pa. Á mú iṣan ojú rẹ̀ yín, ihò dúdú ojú ọ̀tún á sì fẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹ fẹ́ kó kéré. Ẹ lẹ ike funfun tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá mọ́ awò apá òsì, kí ẹ la méjèèjì sílẹ̀.

Kò tíì tó àkókò fún ògiri, ẹ̀gbọ́n mi. Yusuf Dikeç ará Tọ́kì jẹ́ ẹni ọdún 51 nígbà tí òun àti Şevval İlayda Tarhan gba fàdákà ìbọn yíyìn ní Òlíńpíìkì Paris ní 2024, awò ojú tí ẹni gbogbo ń lò ló wọ̀. Nino Salukvadze láti Georgia wà níbẹ̀ ní ẹni ọdún 55, Òlíńpíìkì rẹ̀ kẹwàá nìyẹn. Oscar Swahn ará Sweden gba fàdákà ní Antwerp ní 1920, ẹni ọdún 72!

Bàbá Ọdẹ, Ṣakí

Ọmọ ọdẹ, mo kí ọ. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Mo ti pé ọdún 74.

Ìbọn tiwa kò ní irin ẹ̀yìn. Ojú rẹ gan-an ni irin ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tó fà á nìyẹn tí àṣìṣe ojú fi ń dé bá wa kíákíá. Èmi, ojú ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun díẹ̀díẹ̀, mi ò fura. Ojú òsì ló gba iṣẹ́ ṣe láìsọ fún mi, ọta mi wá ń ya sí òsì nígbà gbogbo. Mo ní wọ́n ń fi nǹkan ṣe mí ni. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n fi dígí tuntun sí i, ọta padà sí ipò rẹ̀. Na ọwọ́ rẹ méjèèjì, fi wọ́n ṣe ihò kékeré, wo nǹkan kan gba inú rẹ̀, kí o wá máa pa ojú dé níkọ̀ọ̀kan. Ojú tí nǹkan náà kò sá fún ni ọ̀gá.

Kí n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, ọ̀dà funfun tí àwọn obìnrin ń kùn sí èékánná ni mo fi kan orí ìbọn mi. Nínú igbó tó ṣókùnkùn, ó ràn mí lọ́wọ́ fún ọdún méjì.

Ti bàbá rẹ, jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ bó ṣe yé mi. Páálí ni ìwọ ń yìn. Tí o bá tàsé, erùpẹ̀ ló gbà á. Nínú igbó, lóru, ohun tó ń mì lẹ́yìn ewé lè jẹ́ ọmọ ọlọ́mọ tó wá wá ewúrẹ́. Mo mọ ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́ títí ó fi kú. Ọdẹ tó gbé ìbọn kọ́ nígbà tí ojú rẹ̀ kò dá nǹkan mọ̀ mọ́, ẹ̀mí èèyàn ló ń dá sí. Má pe ìyẹn ní ìtìjú.

Adé, Leeds

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi ọ̀dà funfun yẹn sí tiyín ní pápá o. Lójú oòrùn, funfun ń tàn, etí irin á sì sọnù. Dúdú jìnnìjìnnì ni kí irin náà jẹ́. Àwọn àgbà tó ń yìn sí páálí máa ń fi èéfín àtùpà kùn ún dúdú kí ó má bàa dán.

Fẹ̀yìntì, Atlanta

Ọ̀gá mi, red dot kì í ṣe ti ọmọdé. Ìmọ́lẹ̀ àmì náà ń wọ ojú bí ẹni pé ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀, nítorí náà awò ọ̀nà jíjìn yín ti tó o. Páálí ni ẹ óò tẹjú mọ́, kì í ṣe àmì. Èyí yóò pẹ́ kó tó mọ́ yín lára lẹ́yìn gbogbo ọdún tí ẹ ti fi wo irin.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ astigmatism ló ń sọ irin di méjì, àmì náà á fọ́n bí ìràwọ̀ tàbí kó rí bí àgbọn tí wọ́n tẹ̀. Ọ̀pọ̀ á dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́. Ẹ fi fóònù ya àmì náà. Tó bá rí roboto nínú fọ́tò, ojú yín ni. Ẹ dín iná rẹ̀ kù kí ẹ tó ṣe ìdájọ́. Ẹ wo bí àmì ti tóbi tó pẹ̀lú: èyí tí wọ́n kọ 6 MOA sí (MOA ni ìwọ̀n títóbi àmì) ń bo nǹkan bí ínǹṣì kan àbọ̀ ní yáàdì 25, 2 MOA, ìdajì ínǹṣì.

Ìyá Kẹ́mi, Peckham

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ ṣúgà yín wò. Èmi ra awò mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́fà kí n tó mọ̀ pé ìtọ̀ ṣúgà ni. Tó bá lọ sókè, ojú yí; tó bá wálẹ̀, ojú tún yí. Nígbà tó fara balẹ̀ ni awò kan ṣoṣo tó mi.

Bàbá Tèmi, Houston

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti kọjá, mo jẹ yín ní èsì.

Mo lọ. Ṣúgà dára, ìfúnpá ojú dára. Astigmatism wà lójú ọ̀tún, awò tí mò ń lò kò sì kájú rẹ̀. Láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni mi ò ti yí i padà. Cataract ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ìyàwó mi wọ̀n ọ́n, sẹ̀ǹtímítà 68. Mo gbé igi mi dání, dókítà náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun á máa sọ fún àwọn mìíràn. A yan +1.00, dígí tí kì í tètè fọ́.

Sátidé àkọ́kọ́ kò dára, mo ń wo páálí ṣáá. Èkejì, mo fi agbára mú ojú mi sórí irin, mẹ́fà wọlé. Sátidé tó kọjá, oòrùn ràn dáadáa, mẹ́jọ wọlé, mo sì jókòó fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè kó ẹrù mi. Mi ò rí ihò tí ọta lu mọ́ láti ibi tí mo dúró sí, awò aláwòjìnnà ni mo fi ń wò ó báyìí. Mi ò ra red dot. Tí cataract bá tẹ̀ síwájú, màá tún padà wá bi yín.

Bàbá Ọdẹ, mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹta. Mo pe àbúrò mi ní Ìgbẹ́tì. Ìbọn náà ṣì wà lára ògiri. Mo ní kó gbé àga, kó gun òkè, kó wo orí rẹ̀ fún mi. Ó ní ọ̀dà funfun kan wà níbẹ̀, ó ti ń ṣí.