Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àwọn ọmọ tí à ń kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì kò wá mọ́

Ìyá Kíláàsì:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ fara dà á. Inú ló ń bí mi, ọkọ mi sì ní òun ti gbọ́ ọ tó.

Èmi ni mò ń bójú tó kíláàsì ìwé kíkà tí ìjọ wa ń ṣe fún àwọn ọmọ kéékèèké tí òbí wọn kò rọ́wọ́ họrí. A kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ọmọ 34 ló forúkọ sílẹ̀. Sátidé tó kọjá, 9 ni mo kà, méjì nínú wọn sì jẹ́ ọmọ akọrin tó ń dúró de ìyá wọn.

Kí ló kù tí mi ò ṣe? Yàrá tí wọ́n fún wa, ibẹ̀ ni àwọn akọrin ń kó ìlù wọn sí. Èmi nìkan ni mo máa ń gbé ìlù jáde kí n tó tẹ́ ẹní, èmi náà ni mo máa ń gbé e padà. Wọ́n á tún ní mo gbé e síbi tí kò yẹ! Ọ̀gá akọrin kò dáhùn ìkíni mi mọ́ láti ìgbà tí awọ ìlù kan ti ya, bẹ́ẹ̀ èmi kọ́ ni mo ya á. Ẹsẹ̀ pátákó ìkọ̀wé kán, bíríkì ni mo fi gbé e ró. Ṣọ́ọ̀kì, owó àpò mi ni.

Èyí tó dùn mí jù ni àìmoore. A fún gbogbo wọn ní ìwé, pẹ́ńsùlù àti báàgì. Báàgì tuntun o, aláwọ̀ ìyeyè, kò sí ọmọ tí kò ní wù. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, ọmọ ọdún méje, orí rẹ̀ pé, òun ló kọ́kọ́ mọ ìró lẹ́tà tán nínú gbogbo wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tó gba báàgì, ó gbé e dé, ó ti fi òkúta ha iwájú rẹ̀ títí ó fi lu. Òwú ń yọ jáde níbẹ̀. Mo bi í léèrè, kò fọhùn. Mo bá a wí dáadáa níwájú àwọn yòókù. Láti ọjọ́ náà, kò padà wá. Mo lọ bá ìyá rẹ̀ nílé, ìyẹn ń wolẹ̀, ó ní òun á rán an wá. Kò rán an.

Ìgbìmọ̀ wá ní bí ọmọ kò bá pọ̀ sí i títí oṣù tó ń bọ̀, àwọn á gba yàrá náà. Báwo ni kí n ṣe é tí àwọn òbí á fi máa rán ọmọ wọn wá? Ṣé kí n sọ pé ọmọ tí kò bá wá mọ́, kó dá báàgì padà?

Tísà Àtijọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Aago mélòó ni kíláàsì yín? Ọmọ ọdún mélòó sí mélòó ni wọ́n? Ẹ̀yin mélòó lẹ̀ ń kọ́ wọn? Ẹ sọ ti ìlù fún wa, ẹ sọ ti pátákó, ẹ ò sọ ìwọ̀nyí.

Ọdún 31 ni mo fi kọ́ kíláàsì àkọ́kọ́. Ọmọ 34 níwájú ẹnì kan, wọn ò lè kàwé, orin ni wọ́n á máa kọ. Mo ní ọmọkùnrin kan nígbà náà tó máa ń ka ojú ìwé kan geerege. Lọ́jọ́ kan mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwòrán tó wà lókè rẹ̀. Wẹ́lo, ó dákẹ́. Ó ti há gbogbo rẹ̀ sórí, àwòrán ló ń wò. Láti ìgbà náà, mo máa ń fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ kan láàárín ìlà, màá ní "ka eléyìí fún mi". Ẹ pín wọn sí mẹ́fà mẹ́fà. Ẹ fi ìró lẹ́tà ṣáájú orúkọ rẹ̀. Ọmọ tó bá sì ń fún ojú pọ̀ wo pátákó, ẹ gbé e wá síwájú, ojú lè máa dùn ún.

Ìyá Ìbejì:
Àǹtí, ẹ má da ara yín láàmú. Ọmọ aráyé kò moore. Èmi gba ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ́dọ̀, ọdún mẹ́rin ni mo fi rán an níléèwé. Ó rí mi lójú ọ̀nà lóṣù tó kọjá, ó yà sí òdìkejì! Ẹ gba báàgì yín, ẹ fún ẹni tó mọyì rẹ̀.

Jagunjagun Àdúrà:
Ọ̀tá wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn. Ẹ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ sì ṣọ́ ọ̀gá akọrin náà.

Kò Kàn Mí Tẹ́lẹ̀:
Ẹ bá ọmọ ọdún méje wí lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ wá ń bi wá léèrè ìdí tí kò fi wá mọ́? Ṣé ẹ̀yin á padà wá?

Ìyá Kíláàsì:
@Tísà Àtijọ́, ẹ ṣé sà. Aago mẹ́ta ọ̀sán Sátidé ni. Ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ. Èmi nìkan ni, arábìnrin tó ń ràn mí lọ́wọ́ ti kó lọ sílé ọkọ.
@Kò Kàn Mí Tẹ́lẹ̀, mi ò na ọmọ ọlọ́mọ o. Ohùn mi ló kàn ga. Ẹni tó bá ti fi owó ara rẹ̀ ra ṣọ́ọ̀kì rí ni kó bá mi wí.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ẹ̀yin nìkan nínú yàrá pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ? Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó kéré tán kí àgbàlagbà méjì wà níbẹ̀, kí ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí. Bó ṣe ń dáàbò bo ọmọ ló ń dáàbò bo ẹ̀yin náà.

Akàwé Ìtàn:
Ọ̀rọ̀ aago ni tèmi. Lọ́dún 1780, Robert Raikes bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi fún ọmọ tálákà ní ìlú Gloucester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé kíkà gan-an ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, Bíbélì ni wọ́n fi ń kà á. Ó yan ọjọ́ Ìsinmi torí pé láti Ọjọ́ Ajé dé Sátidé, ibi iṣẹ́ ni àwọn ọmọ náà ń wà. Ìgbà tí ọwọ́ ọmọ dilẹ̀ ló wò. Aago mẹ́ta Sátidé yín yìí, ta ló rọ̀ lọ́rùn? Ọmọ ni, àbí akọrin?

Ìyá Ìbejì:
Ọ̀rọ̀ òyìnbó tún dé. Èdè wo lẹ tiẹ̀ fi ń kọ́ wọn, Àǹtí? Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn o, òun ni wọ́n á fi ríṣẹ́.

Tísà Àtijọ́:
Rárá o. Láti 1953 ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́, ti sọ pé èdè abínibí ló dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀ ìwé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò ní Ifẹ̀ láti 1970: ọmọ tó fi Yorùbá kàwé fún ọdún mẹ́fà gbáko kò rẹ̀yìn níbì kan, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Bàbá, àwọn ọmọ-ọmọ yín ńkọ́? Èdè wo ni wọ́n ń sọ sí yín lórí fóònù?

Alábòójútó Ẹgbẹ́:
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dákun. Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀.

Bàtà Funfun:
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tí ẹ kọ. Ẹ ní iwájú báàgì ni ọmọ náà ha. Kò ha ẹ̀yìn, kò ha ẹ̀gbẹ́. Kí ló wà níwájú rẹ̀?

Bàtà ni wọ́n fún èmi, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Wọ́n tò wá síwájú ìjọ, wọ́n ní ká gbé bàtà sókè, wọ́n ya fọ́tò. Bí mo bá jáde nílé tí mo wọ̀ ọ́, màá bọ́ ọ pamọ́ sínú koríko, màá fi ẹsẹ̀ lásán wọ kíláàsì, torí gbogbo wọn ló mọ bàtà ìjọ. Màmá mi kò mọ̀ títí dòní.

Ìyá Kíláàsì:
Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Ti aago, màá bá ìgbìmọ̀ sọ ọ́, bóyá ká gbé e sí òwúrọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè fi ìṣó nìkan tún ẹsẹ̀ pátákó ṣe, àbí ó di dandan kí káfíńtà wá?

Kò Kàn Mí Tẹ́lẹ̀:
Kí ló wà níwájú báàgì?

Bàtà Funfun:
Mà?

Ìyá Kíláàsì:
Orúkọ ìjọ ni. Lábẹ́ rẹ̀, "Ẹ̀bùn fún ọmọ aláìní", ní lẹ́tà dúdú ńlá. Àwọn tó fowó sílẹ̀ fẹ́ rí ohun tí owó wọn ṣe, ìgbìmọ̀ sì ní kí n wá ọ̀rọ̀ tó bá a mu. Èmi ni mo kọ ọ́ fún ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Mi ò ní èrò burúkú kankan. Ṣebí aláìní náà ni wọ́n?

Kò Kàn Mí Tẹ́lẹ̀:
Ha.

Ìyá Ìbejì:
Kí ló burú níbẹ̀? Raikes tí ẹ̀ ń pariwo rẹ̀ yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó ni, òun náà gbé ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn tirẹ̀ lọ́dún 1783. Ìpolówó kọ́ nìyẹn?

Akàwé Ìtàn:
Ilé ẹ̀kọ́ ló kọ̀wé nípa rẹ̀. Kò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọmọ kó máa gbé e kiri àdúgbò.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Nínú Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, ti 1989, ìpín 28 ni gbogbo ìjọ máa ń tọ́ka sí, pé ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀kọ́. Ẹ ka ìpín 16 náà. Ọmọdé ní àṣírí, ó sì ní iyì tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ lójú. Fọ́tò ńkọ́, mà, ṣé ẹ ya fọ́tò wọn? Ṣé ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ òbí?

Jagunjagun Àdúrà:
Mátíù 6:3. Ọwọ́ òsì kò gbọdọ̀ mọ̀. Mo fà ọ̀rọ̀ mi nípa ọ̀gá akọrin sẹ́yìn.

Ìyá Kíláàsì:
Mi ò lè sùn lánàá. Nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún yín, torí mi ò mọ̀ pé ó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Sátidé tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí a pín báàgì, ọmọ yẹn jókòó lórí ẹní, ó gbé tirẹ̀ lé itan, ó ń fi ìka tẹ̀ lé ohun tó wà lára rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, a, lá, ì, ní. Aláìní." Bí mo ṣe kọ́ wọn gẹ́lẹ́ ló ṣe gé e. Ọ̀rọ̀ yẹn kò sí nínú ìwé wa, òun fúnra rẹ̀ ló kà á. Inú mi dùn débi pé mo ní kí gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó wá bi mí pé kí ni aláìní. Mo ní ẹni tí kò ní nǹkan ni. Ó ní, "Èmi?" Mo ti ń pe ẹlòmíràn wá síwájú pátákó nígbà yẹn.

Sátidé kejì ló gbé báàgì tó ha dé.

Bàtà Funfun:
Ẹ kú ìnira mà.

Tísà Àtijọ́:
Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀, kì í ṣe ìyá rẹ̀ nìkan. Ẹ jókòó sílẹ̀ kí ojú yín lè ṣe déédéé, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ṣe, ẹ má fi "ìgbìmọ̀ ló ní" bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀ kí wọ́n tó tẹ òmíràn.

Ìyá Ìbejì:
Àǹtí, ẹ fi spirit nù ún, ó máa kúrò.

Aránṣọ:
Kò ní kúrò, ṣe ló máa tàn ká, báàgì á wá dọ̀tí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aṣọ ni kí ẹ rán bò ó. Ẹ gé e kó fẹ̀ ju ọ̀rọ̀ náà lọ ní ìwọ̀n ìka méjì yíká, ẹ ká etí rẹ̀ sínú, ẹ lo òwú tó nípọn. Ẹ lè rán an bí àpò kí wọ́n máa ki pẹ́ńsùlù sí i.

Ìyá Kíláàsì:
Ẹ ṣé, Aránṣọ. Báàgì mọ́kànlá ló kù lọ́wọ́ mi tí a kò tíì pín, mo ti rán aṣọ bo mẹ́rin láti àárọ̀. Abẹ́rẹ́ ti gún mi ní gbogbo ìka. Lọ́la ni mo fẹ́ gbé ọ̀kan lọ fún ọmọ yẹn nílé, kí n tó lọ bá àwọn yòókù. Aṣọ aláwọ̀ wo ni ẹ rò pé ó máa wù ú?

Bàtà Funfun:
Ẹ kó aṣọ náà dání mà. Ẹ bi í.