Nígbà tí ẹṣẹ́ táírọ́ìdì bá ya ọ̀lẹ: ìrírí wa lórí oúnjẹ àti ìwọ̀n ara

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́

Mo kí gbogbo yín o. Aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Wáńdò níbí ní Àjàṣẹ́, ọmọ ọdún 43 ni mí, mo sì ti ń lo oògùn fún ọdún méjì báyìí nítorí pé táírọ́ìdì mi, ẹṣẹ́ kan níwájú ọrùn tó ń darí bí ara ṣe ń lo oúnjẹ, kò ṣiṣẹ́ tó. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò dùn mọ́ mi nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n n óò sọ ọ́ bí ó ṣe rí: oògùn náà dá ìlera mi padà, àmọ́ kì í ṣe òun ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rá ara mi lọ. Ìkòkò ọbẹ̀ mi ni mo ní láti bá jà.

Òtútù ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ Wáńdò ní oṣù kẹta mọ bí oòrùn ibẹ̀ ṣe máa ń mú, síbẹ̀ ṣúẹ́tà ni mo máa ń wọ̀ jókòó ti aṣọ títà, tí àwọn tí a jọ ń tajà a sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà ni irun mi bẹ̀rẹ̀ sí í já, tí ìgbẹ́ ń le, tí ohùn mi há, tí oorun sì ń kùn mí ní ọ̀sán gangan. Láàárín ọdún méjì, mo kúrò ní kílò 68, mo dé kílò 84. Ìyá mi wá láti Kétu nígbà Iléyá, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ara mi ti yá, ó ní láti jẹ́ pé ọjà ń tà. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá sanra ni ayé ń yẹ. Ta ni yóò wá rò ó pé àìsàn ni?

Èmi fúnra mi rò pé oúnjẹ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, mo sì ń mu àgbo kan tí wọ́n ní ó ń fọ ọ̀rá, èyí tí kò fọ ohunkóhun bí kò ṣe àpò owó mi. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ṣe é, kílò kan péré ló lọ, àárẹ̀ sì wá pọ̀ dé ibi pé n kò lè ká aṣọ mọ́ kí n tó jókòó sinmi. Nígbà tí ìpénpéjú mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú láràárọ̀ ni mo tó lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò. Ẹṣẹ́ kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ tó ń fi họ́mónù kan (ohun tí ẹṣẹ́ fi ń jíṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀) tí wọ́n ń pè ní TSH ránṣẹ́ sí táírọ́ìdì tó wà níwájú ọrùn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá tó ń pe ọmọ iṣẹ́. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ń tòògbé, igbe ọ̀gá a máa ròkè sí i. Láàárín 0.4 sí 4 ni igbe náà máa ń wà lára ẹni tí ara rẹ̀ dá. Tèmi jẹ́ 38. Inú mi dùn, n kò ní parọ́. Mo ní ẹlẹ́bi ti dé, n óò lo oògùn, kílò 16 yóò sì yọ́ dànù. Dókítà mi wò mí, ó rọra sọ fún mi pé ìwọ̀n tí àìsàn yìí máa ń fi kún ara kì í sábà ju kílò 2 sí 5 lọ, àti pé omi àti iyọ̀ tí ara dì mú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Inú bí mi débi pé n kò dá a lóhùn.

Oògùn náà gan-an ní àrékérekè tirẹ̀. Máíkírógíráàmù 50 ni a fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, TSH ṣì wà ní 14. Dókítà fi í sí 75, kò sí ìyàtọ̀ tó jọjú. Ìgbà yẹn ló tó bi mí bí mo ṣe ń lò ó. Mo ní ẹ̀kọ gbígbóná tí mo bu wàrà sójà sí ni mo fi ń gbé e mì ní ìdájí, pa pọ̀ mọ́ hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún mi nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. Sójà kì í jẹ́ kí ara fa oògùn náà bó ti yẹ, irin tó wà nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ sì máa ń dì mọ́ ọn nínú ikùn. Omi lásán ni kí n máa fi lò ó, inú òfìfo, kí n dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí n tó jẹ ohunkóhun, kí wákàtí mẹ́rin sì wà láàárín òun àti oògùn ẹ̀jẹ̀ tàbí oògùn kálísíọ́mù. Pẹ̀lú ètò yìí, àti 100 tí ó fi mí sí níkẹyìn, TSH mi wá sí 3.1. Ṣúẹ́tà padà sínú àpótí. Ara fúyẹ́, ìwọ̀n sì bọ́ láti 84 sí 80, ó sì dúró síbẹ̀ gbọnyin.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kálórì, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára tó wà nínú oúnjẹ. Wọ́n fún mi ní ìwé kan tí wọ́n ya àwo oúnjẹ sí, gíráàmù báyìí fún èyí, gíráàmù báyìí fún tọ̀hún. Ẹni tó ṣe ìwé náà kò tíì jẹun nínú ilé bíi tiwa rí. Èèyàn mẹ́fà la jẹ́, ìkòkò kan la ń gbé kaná, mẹ́ta nínú àwọn ọmọ mi sì máa ń bá mi jẹ nínú àwo kan náà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ iye gíráàmù ọbẹ̀ tó bá òkèlè mi wọlé? Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ka òkèlè, mo sì rí i pé ara mi ni mò ń tàn, nítorí pé òkèlè kejìlá máa ń tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ni mo bá pa àwo tì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí mo ń rà. Oníṣòwò ni mí. Mo mọ bí a ṣe ń ṣírò ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde.

Gíráàmù ọ̀rá kan ní kálórì 9, nígbà tí gíráàmù ṣúgà tàbí ìyẹ̀fun kan ní 4 péré. Lítà òróró kan wúwo ju 900 gíráàmù lọ díẹ̀, nítorí náà kálórì inú rẹ̀ lé ní 8,000. Lítà mẹ́ta là ń lò lọ́sẹ̀ nílé wa, epo pupa àti òróró pa pọ̀. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́fà, kí ẹ sì pín in fún ọjọ́ méje: ó tó bí 570 tó ń kan ẹnìkọ̀ọ̀kan lójúmọ́, kí a tó ka iyán, ẹ̀kọ tàbí gàrí rárá. Gbogbo ọ̀sán tí mo fi ebi pa ara mi nígbà yẹn, inú ọbẹ̀ alẹ́ ni mo ti ń san án padà.

Mo dín in kù sí lítà kan àbọ̀. Ó fa ọ̀rọ̀ nílé. Ọkọ mi bi mí bóyá epo ti wọ́n ní ọjà, àkọ́bí mi sì ní àmìwọ̀ mi kò pupa mọ́. Mo fi ọbẹ̀ ilá tí kò nílò epo sí ọjọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀, mo sì jẹ́ kí ẹja pọ̀ nínú ẹ̀fọ́ gbọ̀má ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ, ni ariwo bá rọlẹ̀. Mo yọ ṣúgà kúrò nínú ẹ̀kọ mi, mo sì ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ọjà délé dípò kí n gun ọ̀kadà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ òjò kì í jẹ́. Oṣù mẹ́wàá ni mo fi kúrò ní 80 dé 74. Ó lọ́ra. N kò tíì padà sí 68, bóyá n kò sì ní padà síbẹ̀ mọ́.

Ọmọ Ṣábẹ̀

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi yọ gbogbo táírọ́ìdì mi nígbà tí gẹ̀gẹ̀ fẹ́ dí mi ní ọ̀fun. Kò sí ọmọ iṣẹ́ kankan mọ́ nínú ilé tèmi, hóró oògùn nìkan ló kù.

Ìwà òmùgọ̀ tí mo hù ni mo fẹ́ sọ. Mo sanra lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, mo sì rò ó pé bí oògùn yìí bá ń mú kí ara jó oúnjẹ, hóró méjì yóò jó ìlọ́po méjì. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kílò mẹ́ta lọ, inú mi ń dùn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, n kò rí oorun sùn, àyà mi sì ń lù kìkìkì bí ìgbà tí mo bá sáré gun òkè, nígbà tí mo wà ní ìjókòó. Iṣu ni mo ń tà. Àpò tí mo máa ń dá gbé wá di ohun tí mo ń pe ènìyàn sí. Iṣan ara mi wà lára ohun tí mo ń jó, kì í ṣe ọ̀rá nìkan. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, TSH ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo. Dókítà kò pariwo mọ́ mi, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Ó ní bí mo bá ń bá a lọ báyìí, ìlù ọkàn mi lè dàrú, egungun mi a sì máa fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé mo mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì kò gùn. Gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń sọ fún mi pé kí n má fẹnu kan gàrí mọ́ nítorí pé ẹ̀gẹ́ ń fa gẹ̀gẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: ohun kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tó ń bá áyódíìnì, èròjà tí táírọ́ìdì fi ń ṣiṣẹ́, du àyè nínú táírọ́ìdì. Ṣùgbọ́n rírẹ, fífún àti yíyan gàrí máa ń lé èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ lọ, ẹni tó sì ń fi iyọ̀ oní-áyódíìnì se ọbẹ̀ kò ní ohun tó pọ̀ láti bẹ̀rù. Pẹ̀lúpẹ̀lù, èmi tí n kò ní táírọ́ìdì mọ́, kí ni ẹ̀gẹ́ fẹ́ bà jẹ́ lára mi? Mo dín gàrí kù nítorí pé 100 gíráàmù rẹ̀ ní bí 350 kálórì, ó sì rọrùn láti mu ife méjì láìmọ̀.

Olùkọ́ Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ fi ti ààwẹ̀ Ramadan kún un, nítorí ibẹ̀ ni ètò oògùn táírọ́ìdì mi ti dàrú lẹ́ẹ̀mejì. Ní sààrì, mo máa ń jí pẹ́, n kò sì ní wákàtí kankan láti dúró kí n tó jẹun. Dókítà mi gbà pé kí n máa lò ó nígbà tí mo bá fẹ́ sùn, ó kéré tán wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn oúnjẹ ìkẹyìn. Èyí wá di ìjà láàárín èmi àti àwọn àlejò aago mẹ́wàá alẹ́ tí wọ́n máa ń gbé ẹ̀pà wá.

Ẹ má sì rò pé ààwẹ̀ ń mú mi rù. Ọdún tó kọjá, mo wọn ara mi kí oṣù tó wọlé, mo tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìtúnnu: kílò méjì ni mo fi kún un. Àkàrà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín ni a fi ń ṣínu, pẹ̀lú ohun mímu aládùn.

Àbúrò Kétu

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo dá sí i, nítorí tèmi kò rí bíi tiyín. Kílò 91 ni mí, ó sì ń rẹ̀ mí nígbà gbogbo. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní àìsàn yìí, mo sì ti gbà lọ́kàn pé èmi náà ní i. Lóṣù tó kọjá ni mo ṣe àyẹ̀wò. TSH mi jẹ́ 2.3. Nọ́ọ̀sì ń bá mi yọ̀ pé ara mi dá, èmi sì ń sunkún. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, àmọ́ mo fẹ́ kí àìsàn náà wà, kí n lè sọ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pé kì í ṣe ẹnu mi.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́

Àbúrò mi, má sunkún. Èmi tí mo ní i, kò gbà mí lọ́wọ́ ìṣirò yìí bí ó ti wù kó rí. Kílò 5 ló lè gbé fún mi, mo sì ní 16. Kó o sọ fún dókítà nípa àárẹ̀ yẹn, kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ rẹ àti oorun rẹ, nítorí pé táírọ́ìdì nìkan kọ́ ló ń fa àárẹ̀. Ní ti ìwọ̀n ara, má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ebi. Ra ìgò òróró tuntun, fi bírò fa ìlà sí ibi tí òróró dé, kó o sì kọ ọjọ́ òní sí i lára. Má yí ohunkóhun padà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó o kàn máa wò ó.

Àbúrò Kétu

Ẹ ṣé, ìyá wa. Mo ti fa ìlà sí i. Èèyàn mẹ́ta péré ni wá nílé, ọjọ́ kẹrin rèé, ìgò lítà kan náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.