Lórí "akọ-òdòdó": akọ ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ lóko

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin èwe, mo kí yín o.

Mo ti ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ lórí orúkọ ẹ̀yà ara ewéko fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pe àwọn ọ̀pá tín-ín-rín inú òdòdó tó ń gbé lẹ́búlẹ́bú ní "akọ-òdòdó", wọ́n sì pe èyí tó dúró láàárín, tí ìdí rẹ̀ ń di èso, ní "abo-òdòdó". Mo mọ̀ pé wọ́n ṣiṣẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n n kò lè dákẹ́ lórí akọ yìí.

Akọ òdòdó ti wà lóko kí a tó dé. Àgbẹ̀ wo ni kò mọ akọ ìbẹ́pẹ? Òun ni òdòdó rẹ̀ máa ń rọ̀ dirodiro lórí ọ̀pá gígùn. Òdòdó ti abo lẹ̀ mọ́ ara igi, ìdí rẹ̀ sì ti rí róbótó bí ọmọ èso. Elégédé ń so akọ òdòdó àti abo òdòdó lórí ìtàkùn kan náà: èyí tó ní ọmọ elégédé kékeré nídìí ni abo, èyí tó dúró lórí ọ̀pá lásán ni akọ. Odidi òdòdó là ń wí o! Òdòdó ilá ńkọ́? Ó ní ti akọ, ó ní ti abo, nínú ẹyọ kan. Bí olùkọ́ bá ti fi "akọ-òdòdó" pe ọ̀pá inú ilá, kí ló fẹ́ sọ nígbà tó bá kan elégédé? Pé akọ-òdòdó wà nínú akọ òdòdó?

Ẹ̀gbọ́n wa ní àmì ìsopọ̀ yóò yà á sọ́tọ̀. Ẹnu kì í pe àmì ìsopọ̀. Wọ́n tún ní "akọ ti òdòdó" ni àwọn ní lọ́kàn, bí ìgbà tí a bá ní "ilé Adé". Bí ó bá jẹ́ "ilé e Dàda" ni, ohùn àárín á yọ, etí á mú un. Òdòdó fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tó máa là wọ́n. Akọ màlúù, akọ ajá: ta ló gbọ́ ọ rí tó rò pé ẹ̀yà kan lára ajá ni?

Akọ tún ju ọ̀rọ̀ takọtabo lọ. Akọ igi kì í soje, akọ ibà, akọ iṣẹ́: líle ni gbogbo wọn. Bàbá mi àgbà kò wọ ilé ìwé, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ sọ akọ sí nǹkan ewéko kí wọ́n má kọ́kọ́ wo bóyá líle ni wọ́n ń wí tàbí àìso. Irú etí bẹ́ẹ̀ ti ń tán láàárín wa.

Ohun tí mo fara mọ́ ni "ẹ̀yà akọ" àti "ẹ̀yà abo". Kò dùn létí bí ewì, ṣùgbọ́n kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìyá wa tó ní kí a pe lẹ́búlẹ́bú ní "àtọ̀ òdòdó", ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi lẹ́búlẹ́bú sílẹ̀. Ọmọdé rí i lẹ́sẹ̀ oyin.

Ní ti "ewé ìdí òdòdó", orúkọ tí wọ́n fún àwọn ewé kéékèèké tó yí ìdí òdòdó ká, ẹ̀gbọ́n wa gbà á gan-an. Isápá ni ẹ̀rí wọn. Ohun tí a ń fi ẹ̀gúsí sè, tí wọ́n ń sè èyí tó pupa nínú rẹ̀ mu ní sobo, tí gbogbo ayé ń pè ní òdòdó, ewé ìdí òdòdó tó sanra lẹ́yìn tí òdòdó ti rẹ̀ ni. "Ewé oníka", ìyẹn ewé tó pín bí ìka ọwọ́, fún ewé àràbà àti òṣè náà dára.

Ọ̀gá tó ní aṣọ pupa ni òdòdó, pé ìtànná ni ká máa lò, aṣọ òdòdó wà lóòótọ́, ìtànná ló sì wà nínú Àìsáyà orí 40. Ṣùgbọ́n ata ń rúdí, ó ń tanná, ó ń so. Ẹ jẹ́ kí ìtànná dúró ti ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀, kí òdòdó jẹ́ orúkọ nǹkan náà. Mo mọ̀ pé wọn kò ní gbà.

Ẹni tó sì kọ ọ́ pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì ni, ó ti gbàgbé Ifẹ̀. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ti Yunifásítì Ifẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Iwájú ọmọ ni wọ́n ti ń dán ọ̀rọ̀ wò.

Ti ọ̀rọ̀ náà "ìtàkùn", tí àwọn oníntánẹ́ẹ̀tì ti gbà mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́ fún ìtàkùn ayélujára, ó ṣì ku ìjà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹyọ ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí ẹ dá lóhùn: bí "akọ-òdòdó" bá ti di ti ọ̀pá inú ilá, kí ni ẹ ó máa pe òdòdó elégédé tí kì í so?